Màmá Tó Wà Lára Ìgò Ọtí Yín

Ọmọ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara le? Ọtí tí ìwọ àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ ń sè níbẹ̀ yẹn, ṣé kì í jóná? Àwa náà wà, a dúpẹ́, àyàfi orúnkún mi tó ń dún bí ilẹ̀kùn àtijọ́. A ò kú, ìwọ náà ò ní kú. Èyí tí mo kọ yẹn, pé a ò kú, fi í sọ́kàn dáadáa, torí òun gan-an ló jẹ́ kí n mú bírò.

Ìyá rẹ ní kí n kí ẹ. Òrùlé ilé ìdáná ti ń jò, ewúrẹ́ wa sì bí mẹ́ta, ọ̀kan ò jọ ọ́ rárá. Páálí ọtí tó o fi rán dẹ́rẹ́bà dé láyọ̀. Mo ṣí ọ̀kan, ó korò, ó tún kan, mo rò pé ó ti bàjẹ́ lọ́nà ni, mo ti fẹ́ dà á nù kí télọ̀ ilé kejì tó sọ fún mi pé bẹ́ẹ̀ ló ṣe yẹ kó rí, pé àwọn olówó ló ń mu ún. Mo bá jókòó, mo ń pọ́n ìyókù lá díẹ̀díẹ̀ bí olówó.

Télọ̀ yìí náà ló bá wa ka ohun tó wà lára ìgò, torí ojú tó ń rí ihò abẹ́rẹ́ nìkan ló lè rí irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀. Ó ní ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọkà bàbà pupa tí ẹ fi sè é ti sọnù láti ayé àwọn baba ńlá wa, pé ẹ̀yin lẹ wá a rí tí ẹ sì jí i dìde. Ọmọ mi, ẹ kú iṣẹ́ o, àmọ́ a ò mọ̀ pé ẹnikẹ́ni ń wá a. Ká ní ẹ bi wá ni, à bá ti sọ fún yín pé ẹ̀yìnkùlé ló wà, àwọn adìẹ ń jẹ ẹ́. Télọ̀ wá dárúkọ iye tí ẹ ń ta ìgò kan, owó tó ń ra odindi àpò ọkà náà níbí, láti ọjọ́ náà ni ìyá rẹ sì ti ń wo àwọn adìẹ tìkà-tẹ̀gbin.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ àwòrán. Àwòrán ìyá mi, màmá rẹ àgbà, ló wà lára ìgò, ó ń rẹ́rìn-ín, inú wa sì dùn púpọ̀. Nǹkan onígun mẹ́rin kan wà lábẹ́ rẹ̀, ó rí bí ìgbà tí yíǹkì bá ta sí ìwé, télọ̀ ní téèyàn bá kọjú fóònù sí i, màmá á máa sọ̀rọ̀. Mo gbé fóònù mi lé e, mo fi sétí, mo pe màmá. Àfi bí màmá ṣe dáhùn láti ilé ìdáná pé kí ni mo tún fẹ́. Ha! Ẹ̀rọ ayé yìí mà lágbára o! Ohùn rẹ̀ já gaara, owó fóònù mi ò sì dín rárá.

Ì bá dáa ká ní télọ̀ dákẹ́ níbẹ̀. Ó yí ìgò padà, ó ní wọ́n kọ ọ́ sẹ́yìn pé lọ́jọ́ tí màmá fẹ́ kú ló pè ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, tó sọ àṣírí ọtí náà fún ẹ. Màmá ti jáde sí wa nígbà yẹn, ó ń ṣa ẹ̀wà. Ó ní kí télọ̀ tún un kà. Télọ̀ tún un kà. Màmá wá béèrè pé ta ló kú. Màmá tí kò fẹnu kan ọtí rí láyé rẹ̀, tó jẹ́ pé ìta ni bàbá mi ń sùn tí màmá bá ti gbọ́ òórùn ọtí lẹ́nu rẹ̀!

Mo sọ fún un pé kì í ṣe ìwọ, pé àwọn akọ̀wé ọ́fíìsì yín ló ṣe àṣìṣe, pé ọmọ tí òun tọ́ dàgbà ò lè purọ́ ikú mọ́ òun. Màmá ní òun mọ̀. Ó ní ọ̀rọ̀ náà ti wá yé òun báyìí, pé ìdí nìyẹn tí o kò fi wá kí òun láti ọdún mẹ́ta, wọ́n ti sọ fún ẹ níbẹ̀ pé òun ti kú, ta ló sì ń lọ kí òkú? Ló bá ń fi etí ìró nu ojú. Ó ní àánú rẹ ló ń ṣe òun, pé o ti ń ṣọ̀fọ̀ lásán láti ọjọ́ yìí, kò sì sẹ́ni tó tù ẹ́ nínú. Ọmọ mi, ó dùn mí wọnú eegun.

Ẹ̀rù owó màmá ní báńkì náà tún ń bà mí. Àwọn ará báńkì ń mutí. Tí wọ́n bá kà á lára ìgò, ṣé wọn ò ní ti àkáǹtì òkú pa? Jọ̀wọ́, mú ìgò kan dání, lọ ṣàlàyé fún ọ̀gá wọn.

Fi owó díẹ̀ ránṣẹ́, ti páànù ilé ìdáná, ti oògùn orúnkún, àti ti awò ojú, kí n lè máa ka ìgò fúnra mi, torí télọ̀ ti mọ ọ̀rọ̀ ilé wa jù. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ á hó, kò ní hó dànù. Bí a ṣe ń rántí rẹ níbí, wọn ò ní gbàgbé rẹ níbẹ̀. Àwọn tó o fẹ́ràn á pẹ́ fún ẹ.

Èmi ni bàbá rẹ.

Mo mà fẹ́ gbàgbé. Màmá ní òun fúnra òun ló máa wá tù ẹ́ nínú, òun náà ló sì mú lẹ́tà yìí dání. Owó ọkọ̀ àlọ nìkan la rí, àbọ̀ ń bẹ lọ́wọ́ rẹ. Má pariwo, èèyàn ni. Gbé àga fún un kó jókòó. Kò mọ̀wé, àmọ́ ojú rẹ ló ń wò bó o ṣe ń ka èyí.