Orúnkún Méjèèjì ní Kíótò

Màámi, abiyamọ tòótọ́,

Mo kúnlẹ̀ kí yín o. Ẹ má wo bí orúnkún mi ṣe ń dún, èmi náà ti dàgbà. Ẹ kúkú mọ̀ pé ìwé kejì ni mo kà mọ kí n tó bá yín wọ oko, nítorí náà bí ìlà lẹ́tà yìí bá wọ́, ẹ bá mi fi ojú tọ́ ọ. Èmi fúnra mi ni mo jókòó kọ ọ́. Wọ́n ní kí n máa sọ ọ́ sínú fóònù, kí fóònù máa bá mi kọ ọ́. Mo ní ṣé fóònù ni ẹ bí ni?

Màámi, mo ti lọ sí Jàpáànì, mo sì ti dé. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Èmi ọmọ yín, ará Ìlá tó ń gbé Pọtakọ́ọ̀tù, mo wọ bàálù, mo fò kọjá òkun, mo dé ibi tí ilẹ̀ ti ń mọ́ kí tiwa tó mọ́.

Ẹ rántí Adémọ́lá, ọmọ mi tí ẹ pọ̀n dàgbà ní bárékè ọlọ́pàá, tó máa ń da itọ́ sí yín léjìká. Ó ti di ọ̀gá níbi iṣẹ́ epo. Lẹ́yìn tí ẹ lọ ló fẹ́ ìyàwó, Òróma lorúkọ rẹ̀, ọmọ Isiokpo ni, lójú ọ̀nà Owerri. Ọmọ dáadáa ni. Ó lápá, ó mọ ilé tọ́jú, ó sì mọ ọbẹ̀ ẹja sè. Àléébù kan ṣoṣo tó ní ni pé kì í kúnlẹ̀ kí mi.

Kì í kúnlẹ̀ rárá, Màámi! Ìdúró ló fi ń kí mi, gbagidi, bí ẹni tó ń retí kẹ̀kẹ́ lẹ́bàá títì. “Mama, good morning.” Nígbà mìíràn á tún dì mọ́ mi, á máa gbá mi lẹ́yìn pẹ́pẹ́ bí ẹni tó fẹ́ kí n gùnfẹ̀. Èmi tí ẹ kọ́ pé kí n kúnlẹ̀ kí ẹni tó bá fi ọ̀sẹ̀ kan péré jù mí lọ! Mo bá a sọ ọ́. Ó ní nílé bàbá òun, Ọlọ́run nìkan ni wọ́n ń kúnlẹ̀ fún. Mo ní ó dáa, kó lọ máa pe Ọlọ́run ní ìyá ọkọ. Ó rẹ́rìn-ín, kò sì kúnlẹ̀.

Ìdí nìyí tí mo fi búra. Ilé tí mò ń gbé ní Iwofe, omi a máa dí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ nígbà òjò, àtẹ̀gùn rẹ̀ sì ń jẹ orúnkún mi bí ajá ṣe ń jẹ eegun. Adémọ́lá ń bẹ̀ mí kí n kó wá sílé òun ní Rumuigbo kí n má baà ṣubú sí ibi tí ẹnikẹ́ni kò ní rí mi. Mo ní ọjọ́ tí ìyàwó rẹ̀ bá fi orúnkún méjèèjì kanlẹ̀ kí mi ni n óò sùn nílé rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí omi Iwofe máa gbé mi lọ. Ọ̀rọ̀ mi kì í ṣe méjì. Ta ni mo fi jọ bí kì í bá ṣe ẹ̀yin?

Adémọ́lá ti lọ kọ́ iṣẹ́ ní Jàpáànì rí. Látìgbà náà ló ti ń sọ pé mo gbọ́dọ̀ fi ojú ara mi rí ibẹ̀. Ó ṣètò ìrìn àjò fún èmi àti òun, ìlú mẹ́rin. Ìgbà tí ó kù díẹ̀ kí á gbéra, ó ní wọ́n pe òun sórí omi níbi tí wọ́n ti ń wa epo, kí Òróma máa bá mi lọ. Ọ̀rọ̀ yẹn fu mí lára. Ẹni tí wọ́n pè síṣẹ́ ní òjijì kì í máa súfèé.

Tókíò la kọ́kọ́ dé. Èrò ibẹ̀ pọ̀ ju èrò ọjà lọ́jọ́ tí ọdún Kérésì ku ọ̀la, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó ń pariwo. Mo rò pé wọ́n ń ṣọ̀fọ̀ ni. Mo sín nínú reluwé wọn, mo ké “Jésù!”, gbogbo wọn yíjú wò mí bí ẹni pé mo jí nǹkan. Ilé ìgbẹ́ wọn ńkọ́? Màámi, ìjókòó rẹ̀ ń gbóná! Mo rò pé ẹnìkan ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde níbẹ̀ ni. Bí mo ṣe tẹ nǹkan kan báyìí, omi ta sí mi nídìí. Mo figbe ta. Òróma sáré dé ẹnu ilẹ̀kùn: “Mama, wetin do you?” Mo ní kò sí nǹkan kan. Ṣé irú ọ̀rọ̀ tí èèyàn ń bá ìyàwó ọmọ rẹ̀ sọ nìyẹn?

Wọ́n wá gbé ẹja tútù fún wa jẹ, ẹja tí iná kò rí rárá. Ẹ rántí pé ẹ kì í jẹ ohunkóhun láìgbóòórùn rẹ̀, àní ọbẹ̀ tí ẹ fọwọ́ ara yín sè, ẹ óò ṣí ìdérí, ẹ óò fa imú, ẹ óò mi orí kí ẹ tó bu òkèlè. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Ẹja náà kò rùn, kò ta sánsán. Ẹja tí kò ní òórùn, kí ló ń fi pa mọ́? Mo tú etí ìró mi, níbi tí ẹ̀yin máa ń so orógbó sí, mo bu ata gígún tí mo gbé láti ilé lé e lórí. “Mama, abeg, people dey look o.” Mo ní kí wọ́n máa wò, ṣebí ojú ni Ọlọ́run fún wọn. Nígbà tó yá, ó na ọwọ́ sí mi lábẹ́ tábìlì: “Give me small.” Mo fún un. Ohun kan rèé tí àwa méjèèjì jọ gbà.

Lójú ọ̀nà Ósákà, reluwé tó yára ju àṣá lọ gbé wa kọjá òkè kan tó dá dúró, orí rẹ̀ funfun bí orí yín lọ́dún tí ẹ lọ. Òróma ló jí mi kí n lè rí i. Mo kí òkè náà. Ìdúró gbagidi ló wà, kò tẹrí ba. Mo ní òun àti ìyàwó ọmọ mi yìí bára wọn tan.

Ní Ósákà, obìnrin kan ń dín nǹkan roboto lójú títì nínú irin oníhò. Mo rò pé àkàrà ni. Mo gé e jẹ, nǹkan inú rẹ̀ fa ara rẹ̀ padà mọ́ mi lẹ́yín. Ẹran omi kan ni, wọ́n ní ẹsẹ̀ mẹ́jọ ló ní, ọ̀kan nínú ẹsẹ̀ náà ló wà lẹ́nu mi. Mo gbé e mì. Mo sì jẹ méjì sí i, kí Òróma má baà rò pé ẹ̀rù bà mí. Ó dùn. Ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni.

A dé Nárà. Àgbọ̀nrín ló ń rìn káàkiri níbẹ̀ bí ewúrẹ́ àdúgbò, kò sì sẹ́ni tó ń fi wọ́n se ọbẹ̀! Ọmọbìnrin ará ibẹ̀ kan tí Adémọ́lá ní kó máa mú wa kiri fún mi ní bísíkíìtì. Àgbọ̀nrín kan wá síwájú mi, ó tẹrí ba. Mo tẹrí ba. Ó tún tẹrí ba. Mo pe Òróma.

“Ìyàwó, ṣé o rí i? Ẹran igbó mọ àgbà.”

“Mama, na biscuit e dey greet.”

“Ìwọ náà, kí ni kí n fún ọ? Ọmọ mi ni mo kúkú fún ọ!”

Ibi tí àwa méjèèjì ti ń fa ọ̀rọ̀ yìí ni àgbọ̀nrín ti bu ìró mi jẹ, ó ń wọ́ mi lọ. Òróma yọ báàgì sí i: “Leave my mama!” Mo gbọ́ “my mama” yẹn o. Mo ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

Kíótò ló kẹ́yìn, ibẹ̀ sì lọ̀rọ̀ wà. Ìlú àtijọ́ ni, òdòdó igi ń rọ̀ sílẹ̀ bí òwú lójú ọ̀nà. Ilé àlejò tí a wọ̀, ẹní ni wọ́n tẹ́ kárí ilẹ̀, a bọ́ bàtà sí ẹnu ọ̀nà. Ìyá tó ni ilé fi ọ̀já ńlá gbá ẹ̀yìn bí ẹni tó pọn ọmọ, ṣùgbọ́n kò sí ọmọ níbẹ̀. Bó ṣe rí wa, ó kúnlẹ̀, ó fọwọ́ méjèèjì tẹlẹ̀, ó fi iwájú orí kan ẹní. Màámi, irun rẹ̀ funfun ju tèmi lọ! Àgbà kúnlẹ̀ fún mi, ṣé kí n kú síbẹ̀ ni? Mo ju báàgì nù, mo kúnlẹ̀ gbì.

“Ẹ dìde mà! Ẹ̀yin lẹ jù mí lọ!”

Kàkà kó dìde, ó tún tẹrí sísàlẹ̀ sí i. Èmi náà tẹ orí tèmi. Ó ń sọ tiwọn, mò ń sọ tiwa. Òróma ń pariwo lẹ́yìn mi: “Mama, leave am, na so dem dey do!” Mo ní báyìí làwa náà ń ṣe é. Ọmọbìnrin tó ń mú wa kiri ní onílé kò gbọdọ̀ dìde ṣáájú àlejò. Mo wá gbà pé kí n dìde kí ara lè rọ ìyá arúgbó. Orúnkún mi kọ̀. Ó ti há pátápátá. Òun ń retí èmi, èmi ń retí orúnkún.

Òróma fà mí lábíyá láti òkè. N kò mì. “Mama, you heavy o!” Ó gbé báàgì ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kalẹ̀, ó wá síwájú mi, ó balẹ̀, ó fà mí lọ́wọ́ méjèèjì kọ́ ọrùn rẹ̀. Mo wo ilẹ̀ dáadáa. Orúnkún ọ̀tún wà lórí ẹní. Ti òsì wà lórí ẹní.

“Ìyàwó, o kúnlẹ̀ o.”

“Mama, na carry I dey carry you.”

“Ìkúnlẹ̀ ni ìkúnlẹ̀ ń jẹ́.”

“Mama, hold my neck jàre!”

Ìyá onílé ti ń fọwọ́ bo ẹnu rẹ́rìn-ín.

Orí ilẹ̀ náà ni wọ́n tẹ́ ibùsùn wa sí. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, Òróma á wá, á kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, á gbé ọrùn fún mi: “Mama, good morning.” Èmi tí ẹnu mi kì í dúró síbì kan, n kò tún pè é ní ìkúnlẹ̀. Bí mo bá sọ ọ́, ó lè dìde.

Ẹ̀yin ni mo ń rántí níbẹ̀. Nígbà tí ẹ wà lọ́dọ̀ wa ní Pọtakọ́ọ̀tù, tí ara yín ti ń wúwo, àràárọ̀ ni mo ń kúnlẹ̀ gbé yín lórí ẹní, ẹ óò dì mọ́ mi lọ́rùn, òórùn orógbó á bo imú mi, ẹ óò sì sọ sí mi létí pé, “Ìwọ náà á rí ẹni gbé ọ dìde.” Mo máa ń ṣe àmín kíákíá nítorí pé mo fẹ́ lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù. Màámi, èwo lẹ kà á sí, ìkíni ni àbí ìgbénidìde? N kò rántí pé mo tún kí yín lọ́tọ̀. Bẹ́ẹ̀dì tí bàbá Adémọ́lá rà fún yín ńkọ́, tí ẹ ní ó ń yí yín lójú, tí ẹ ní ẹní lẹ fẹ́? Ṣé òótọ́ ni pé ó ń yí yín lójú?

Mo ti kó dé Rumuigbo báyìí. Mo búra, ìbúra mi sì ṣẹ, ìyá Kíótò ni ẹlẹ́rìí. Adémọ́lá ra bẹ́ẹ̀dì gíga kan fún mi, tìmùtìmù rẹ̀ nípọn bí búlọ́ọ̀kù. Mo ní kó gbé e kúrò, fóòmù ni kó tẹ́ sílẹ̀, bí wọ́n ṣe ń sùn ní Jàpáànì, ó dára fún ẹ̀yìn. Ó ní orúnkún mi ńkọ́? Mo ní orúnkún tiẹ̀ ni? Òróma wò mí, ó wò mí títí, ó kẹ̀yìn sí wa, èjìká rẹ̀ ń mì fún ẹ̀rín. Òun fúnra rẹ̀ ló gbé fóòmù náà kalẹ̀.

Láàárọ̀ yìí mo gbọ́ sílípáàsì rẹ̀. Gbì, gbì, orúnkún méjèèjì balẹ̀. “Ẹ káàárọ̀, Mama.” Ó ti ń fi ahọ́n Isiokpo fọ́ ọ mọ́lẹ̀ báyẹn. Mo dì mọ́ ọn lọ́rùn, mo sì sọ ọ̀rọ̀ yín sí i létí, gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe ń sọ ọ́. Kò gbọ́ Yorùbá tó bẹ́ẹ̀. Ó ní, “Amen, Mama. Oya, hold me well.”

Ẹ sùn re, Màámi, kí ẹní rọ̀ yín lẹ́yìn lọ́hùn-ún.

Èmi ni ọmọ yín, tí wọ́n ń fi orúnkún méjèèjì gbé dìde láràárọ̀.