Ìda Tí Wọ́n Fún Mi ní Igun

Sapele Road, Benin,
Oṣù Kẹta, 1979.

Ẹ̀gbọ́n mi Oyèlékè,

Mo kí yín, mo kí ìyàwó wa àtàwọn ọmọ nínú òtútù Lọ́ńdọ̀nù. Bàbá Kíkẹ́lọmọ wà, iṣẹ́ wọn ń lọ. Kíkẹ́lọmọ ní kí n kí yín. Pijin ló fi sọ ọ́. Gàrí ti wọ́n ní Oba Market, àmọ́ ebi ò pa wá.

Oògùn tí ẹ fi ránṣẹ́ dé, ẹ ṣeun. Ẹ mọ̀ pé látìgbà tí àrùn ẹ̀gbà ti mú mi, ọwọ́ ọ̀tún mi ò lè di ṣíbí mú. Lẹ́yìn Kérésì, àwọn ìyá ìjọ mú mi lọ wo Igun, níbi tí wọ́n ti ń fi idẹ ṣe ère. Ìda oyin ni wọ́n kọ́kọ́ fi ń mọ ère náà, iṣẹ́ ọkùnrin sì ni. Síbẹ̀, bàbá kan rí ọwọ́ mi, ó bu ìda tó lọ́wọ́ọ́rọ́ sí i. Ó ní kí n máa tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, pé ọwọ́ tó bá ń ṣeré kì í sùn. Mo gbé e wálé, ojoojúmọ́ ni mo ń tẹ̀ ẹ́.

Ọlọ́run á ṣọ́ ilé yín. Tí ẹ bá ń bọ̀, ẹ bá mi ra abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ.

Ẹ má bínú bí ìlà lẹ́tà yìí bá wọ́. Kíkẹ́lọmọ kọ́ ló bá mi kọ ọ́ lọ́tẹ̀ yìí. Ọwọ́ ọ̀tún mi ni.

Àbúrò yín,
Ọláníkẹ́