Dúrójayé Fálúyì, Bàbá Tí Kò Jẹ́ Kí Ìmọ́lẹ̀ Ńlá Bo Kékeré Mọ́lẹ̀

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kejì oṣù kẹwàá ọdún 1938, bí agogo ìsìn àkọ́kọ́ ti ń dún ní Orin-Èkìtì, ni a bí Bàbá wa sí ìdílé Jósẹ́fù Fálúyì, àgbẹ̀ kòkó, àti Adéọlá, ọmọ Òsì-Èkìtì. Ọmọ mẹ́ta ti kú ṣáájú wọn. Ẹ̀bẹ̀ ni orúkọ tí a sọ wọ́n, Dúrójayé. Wọ́n gbọ́ ẹ̀bẹ̀ náà, wọ́n dúró.

Wọ́n kàwé ní Orin, ní Ìdó àti ní Ìbàdàn, níbi tí wọ́n ti di olùkọ́ ìmọ̀ ìràwọ̀ ní yunifásítì. Ní 1966, wọ́n gbé Àrìnkẹ́ níyàwó ní ìlànà ìjọ Áńgílíkà. Ní 1998, wọ́n fẹ̀yìn tì, wọ́n padà sílé, wọ́n sì di alàgbà ìjọ.

Gálásì, ìyẹn àgbájọ ìràwọ̀ tí kò lóǹkà, ni iṣẹ́ wọn. Àwọn gálásì kan há mọ́ra ní agbo kéékèèké. Bàbá a máa ka iye èyí tó mọ́lẹ̀ gan-an, èyí tó mọ́lẹ̀ níwọ̀n, àti èyí tó ṣe bàìbàì. Ní 2001, tí wọ́n ṣì ń bá iṣẹ́ náà lọ nílé, Dókítà Múyìwá, ọmọ iṣẹ́ wọn àtijọ́, fẹ́ kí àwọn kéde pé àwọn bàìbàì kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí nínú àwọn agbo wọ̀nyẹn. Bàbá kọ̀: “Múyìwá, a kò rí wọn ni, má sọ pé wọn kò sí.” Ọdún mẹ́ta ni wọ́n fi ń yọ ìmọ́lẹ̀ àwọn ńlá kúrò lára àwòrán ojú ọ̀run, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Múyìwá a máa fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé, “Bàbá Ayọkúrò, ìgbà wo lẹ máa yọ èmi náà kúrò?” Nígbẹ̀yìn, àwọn kéékèèké yọjú. Àwọn aláàárín ló ṣọ̀wọ́n. Bàbá kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, láìbù mọ́ ọn.

Ní 2005, Màmá wa sùn. Gẹ́gẹ́ bí àṣà, ìwé ìsìnkú wọn to Ẹnjiníà Níyì àti Dókítà Fúnmiláyọ̀ ṣáájú, ó sì parí sí “àti àwọn ọmọ mìíràn.” Inú “àwọn mìíràn” yìí ni Àbẹ̀kẹ́ wà, ọmọ ẹ̀gbọ́n Màmá tí wọ́n tọ́ dàgbà, tó ń ro oko ẹ̀gẹ́ ilé, tó sì tọ́jú Màmá títí dé òpin. Bàbá kà á tán, wọ́n pa ìwé náà dé.

Kí Bàbá tó lọ ní oṣù kẹta ọdún 2008, wọ́n ṣe ìpinnu ìkẹyìn wọn nípa ìwé ìsìnkú tiwọn: kí a má fi oyè ṣáájú orúkọ ẹnikẹ́ni, títí kan tiwọn, kí a má kọ “àti àwọn mìíràn”, kí a sì bẹ̀rẹ̀ láti orí Àbẹ̀kẹ́.

Àwọn tí wọ́n gbẹ̀yìn Bàbá: Àbẹ̀kẹ́, Níyì, Fúnmiláyọ̀, àti àwọn ọmọ-ọmọ wọn, Ìbùkún, Tósìn àti Ọlámidé.

Ẹ sùn re, Bàbá. Gbogbo wa pé.