Wákàtí Mẹ́rìndínlógójì Pẹ̀lú Dùùrù Lọ́rùn Bàbá Rẹ

Lambanes,
Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù Keje.

Durita ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara le, ṣé iṣẹ́ ń lọ, ṣé àtẹ̀gùn ilé alájà mẹ́fà tí ò ń gbé ní Copenhagen ò tíì dá orúnkún rẹ? Àwa níbí ò ṣàìsàn, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Mo gbà á ládùúrà pé kí ọ̀gá rẹ máa rí ọ bí ẹni rere, kí òtútù ìlú yẹn má mọ ilẹ̀kùn rẹ, kí kẹ̀kẹ́ rẹ tí wọ́n ti jí gbé lẹ́ẹ̀mejì má sì tún lọ lẹ́ẹ̀kẹta. Àmín. Bàbá rẹ kí ọ. Kò lè kọ ọ̀rọ̀ tirẹ̀ sísàlẹ̀ lẹ́tà yìí nítorí ìka rẹ̀ ò tíì máa ká dáadáa, ohun tó sì fà á ni mo fẹ́ ròyìn fún ọ, torí náà bu tíì kó o sì jókòó.

O mọ̀ pé láti ọjọ́ ìgbéyàwó Sunnvá ọmọ àbúrò mi, tí bàbá rẹ sùn lọ láàárín orin tí dùùrù àgbékọ́rùn rẹ̀ sì já lu ilẹ̀, tí ìyàwó dúró láàárín agbo ijó tó gbé ẹsẹ̀ kan sókè tí kò mọ ibi tí òun á gbé e sí, ni gbogbo erékùṣù yìí ti ń pè é ní Heini Ààbọ̀. Ọdún méjìdínlógún nìyẹn. Wọ́n ń pè é bẹ́ẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi, wọ́n ń pè é bẹ́ẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, pásítọ̀ tuntun tiẹ̀ rò pé orúkọ ìdílé wa ni, ó kọ ọ́ sínú ìwé ìjọ. Bàbá rẹ a máa rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n èmi tí mò ń sùn tì í mọ̀ pé ó ń dùn ún. Nígbà tó wá gbọ́ lórí rédíò pé àwọn kan wà lókè òkun tí wọ́n ń kọ orúkọ ẹni tó bá ṣeré orin pẹ́ jù láyé sínú ìwé ńlá kan, àti pé ọkùnrin kan ti fi dùùrù bíi tirẹ̀ ṣe wákàtí márùndínlógójì, ó gbé ife kalẹ̀, ó ní òun á ṣe mẹ́rìndínlógójì. Mo ní kó ṣe márùndínlógójì àti ìṣẹ́jú márùn-ún kó máa lọ sùn. Ó ní rárá, òun ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún rí ààbọ̀ kankan lára òun mọ́.

Orí kọ̀ǹpútà ṣọ́ọ̀bù la ti kọ fọ́ọ̀mù náà. Kọ̀ǹpútà ní ká mú ọ̀rọ̀ àṣírí kan wá, kó sì jẹ́ èyí tó lágbára. Mo kọ orúkọ àgbò wa, torí kò sí ohun tó lágbára jù ú lọ ní Lambanes, ilẹ̀kùn méjì ló ti fọ́ lọ́dún yìí nìkan. Kọ̀ǹpútà ní kò lágbára tó. Inú bí bàbá rẹ nítorí àgbò náà, ó ní kí wọ́n wá wò ó fúnra wọn. Lẹ́yìn ìyẹn ó tún ní ká jẹ́rìí pé a kì í ṣe ẹ̀rọ. Mo kọ ọ́ pé èèyàn ni wá, a sì ti ṣèrìbọmi, àwa méjèèjì. Kò gbà. Ó gbé àwòrán mẹ́sàn-án jáde, ó ní ká tọ́ka sí èyí tó ní iná tó ń dá mọ́tò dúró lójú pópó. Níbo la ti fẹ́ mọ irú iná bẹ́ẹ̀, àwa tí a ní ojú pópó kan àti mọ́tò mẹ́ta? Mo tẹ gbogbo ohun tó bá ti ní òpó. Ó gbà á níkẹyìn, mo rò pé àánú wa ló ṣe é.

Ọ̀rọ̀ ẹlẹ́rìí ló wá fẹ́ pa wá. Wọ́n ní ẹlẹ́rìí méjì gbọ́dọ̀ wà ní ìjókòó ní gbogbo ìgbà, wọn ò sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹbí ẹni tó ń ṣeré. Durita, èèyàn mọ́kànlélógójì ló kù sí erékùṣù yìí. A jókòó, a kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí kì í ṣe ọmọ ẹ̀gbọ́n, àna ni, ẹni tí kì í ṣe àna, òun àti bàbá rẹ jọ ní bàbá ńlá kan náà. Pásítọ̀ nìkan la fi ọkàn tẹ̀, àfi bí òun náà ṣe lọ fẹ́ ọmọ Sámal, ìbátan bàbá rẹ, lóṣù Kẹrin, ó ti bọ́ sínú ẹ̀. Àwọn ará Norway mẹ́rin tó wá wo ẹyẹ tí wọ́n pàgọ́ sétí èbúté gbà láti ṣe é, ṣùgbọ́n wọ́n ní àwọn nìkan ò lè tó.

Èmi ni mo rántí Annegret. O mọ̀ ọ́n, ará Jámánì inú ilé aláwọ̀ òféfèé yẹn, tó wá ka ẹyẹ fún ọ̀sẹ̀ méjì, tó ti wá di ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n báyìí. Kò lọ́kọ, kò ní ìbátan kankan níbí, Àlejò ni a sì ń pè é títí dòní, ife àlejò ni mo ṣì máa ń bu kọfí fún un. Mo sáré lọ bá a, inú mi ń dùn, mo ní, “Annegret, ìwọ nìkan ṣoṣo ni kò kàn wá rárá ní gbogbo erékùṣù yìí, ìwọ lo yẹ kó o ṣe é.” Ó gbé aṣọ òtútù tó ń hun kalẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ojú ìhun rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn náà ó ní kò burú. Mi ò ro nǹkan kan sí i. Ayọ̀ ti bò mí lójú.

Ọjọ́bọ̀, aago mẹ́jọ àárọ̀, nínú ilé tí a ń kó ọkọ̀ ojú omi sí, ni bàbá rẹ bẹ̀rẹ̀. Ó ń fà á, ó ń tì í. Ìsinmi ìṣẹ́jú márùn-ún ni wọ́n fún un ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, kò gbọ́dọ̀ dákẹ́ ju ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá lọ láàárín orin méjì, kò sì gbọ́dọ̀ pa dà sórí orin kan náà àfi lẹ́yìn wákàtí mẹ́rin. Orin tó mọ̀ ò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ó tẹ orin Kérésì lóṣù Kẹfà. Ó tẹ orin ìsìnkú, gbogbo wa dìde dúró, a ò sì mọ ẹni tó kú. Ó tẹ orin tí rédíò máa ń lù kí wọ́n tó sọ bí ìjì á ṣe rí, àwọn apẹja méjì sì jáde lọ so ọkọ̀ wọn mọ́lẹ̀.

Ọ̀kan nínú àwọn ará Norway gbé fóònù rẹ̀ kọ́ ògiri, ó ní àwọn èèyàn lè máa wò wá láti ibi gbogbo, èèyàn mẹ́rìnlá ló sì ti wà níbẹ̀. Mo sáré lọ sílé, mo to ife mẹ́rìnlá, mo gé búrẹ́dì àti ẹran àgùntàn gbígbẹ, mo dúró, kò sẹ́ni tó wọlé. Nígbà tí mo pa dà, ọkàn pupa kéékèèké ló ń fò lójú fóònù náà. Wọ́n ní àwọn tó ń wò wá ló ń fi ránṣẹ́. Mo ní kí pásítọ̀ rántí wọn nínú àdúrà, torí ẹni tí ọkàn rẹ̀ bá ń jáde lára báyẹn, dókítà ló yẹ kó rí i. Wọ́n tún ní inú àwọsánmà ni gbogbo àwòrán náà wà. Ẹ̀rù bà mí, torí ìwọ náà mọ irú àwọsánmà tiwa, lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì ó sọ̀kalẹ̀ débi pé a ò rí òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì mọ́.

Ní wákàtí kọkàndínlọ́gbọ̀n, bàbá rẹ wò mí, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó bi mí tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pé ṣé mo ti lọ́kọ. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní orí ọkọ mi dáa gan-an, ó sì ń fa dùùrù rẹ̀ lọ. Ọdún méjìlélógójì tí a ti fẹ́ra, kò sọ irú ẹ̀ fún mi rí nígbà tí ojú rẹ̀ dá.

Ti Annegret, bí àsìkò tirẹ̀ bá parí tí àwọn ará Norway bá gba ipò, kì í lọ sílé. Á jókòó sórí garawa lẹ́bàá ilẹ̀kùn, á máa hun aṣọ rẹ̀. Òun ló wà lórí àga pẹ̀lú aago lọ́wọ́ ní wákàtí kẹrìnlélọ́gbọ̀n, nígbà tí bàbá rẹ parí orin kan tí òmíràn ò jáde. Orí rẹ̀ ti tẹ̀ sórí dùùrù. Òfin ò gbà kí ẹlẹ́rìí ràn án lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ó gbà kó ka ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá náà sókè. Annegret bẹ̀rẹ̀ sí í kà lédè wa, pẹ̀lú ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ yẹn, bó ṣe ń kà ló ń kà sókè sí i, kò fò ó, kò fà á gùn, ìgbà tó máa fi dé ogún, igbe ló ń ké, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀. Nígbà tó dé mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n, ìka bàbá rẹ mira. Orin tó jáde, mi ò mọ̀ ọ́n, òun náà ò mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n orin ni.

Aago mẹ́jọ ìrọ̀lẹ́ lù, oòrùn ṣì wà lókè, ó pé wákàtí mẹ́rìndínlógójì. A jó, a pariwo, a dì mọ́ra, mo dì mọ́ ọ̀kan nínú àwọn ará Norway tó ti ṣe ọjọ́ mẹ́sàn-án tí kò wẹ̀. Bàbá rẹ sùn dé ọjọ́ Àìkú. Ìgbà tó jí, kò sẹ́ni tó pè é ní Ààbọ̀ mọ́. Ó ń rìn kiri bí ọ̀dọ́mọkùnrin.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá ni èsì dé. Wọ́n yìn ín, wọ́n ní ó ṣe ohun ńlá, ṣùgbọ́n àwọn ò lè kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé. Wọ́n fi ẹ̀dà ìwé ẹlẹ́rìí kan sí i. Níbi tí wọ́n ti béèrè pé kí ni ẹlẹ́rìí fi jẹ́ ẹni tó ṣeré, Annegret kọ ọ́ gàdàgbà fúnra rẹ̀ pé, Èèyàn mi ni.

Inú bí mi débi pé mo la ìyẹ̀fun mọ́ ilẹ̀. Bàbá rẹ gba ìwé náà. Ó kà á lẹ́ẹ̀mẹta, ó wọ bàtà ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀, ó jáde. Mo sáré tẹ̀ lé e kó má lọ dá ìjà sílẹ̀. Annegret ló ṣí ilẹ̀kùn, ó rí ìwé lọ́wọ́ rẹ̀, ojú rẹ̀ funfun. Ó ní òun mọ̀ pé ó máa bà á jẹ́, pé òun di kálàmù mú fún bíi wákàtí kan, ọwọ́ òun ò gbà láti kọ pé òun ò kàn wá.

Bàbá rẹ ní, “Ọdún wo ni wọ́n bí ọ?”

Ó sọ ọ́. Bàbá rẹ fi ìka tó wú yẹn ṣírò, ó tún un ṣírò, ó wá ṣí fìlà.

“Ẹ̀gbọ́n mi ni yín. Ẹ má bínú, ẹ jọ̀ọ́. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo ti ń pè yín ní ìwọ.”

Durita, obìnrin náà sunkún, èmi náà sunkún, lẹ́yìn náà ló wá wo ilẹ̀ tó sì ní kí bàbá rẹ bọ́ bàtà ẹlẹ́rẹ̀ yẹn kúrò lórí ẹní òun. Ó bọ́ ọ kíákíá. Láti ìgbà náà ló ti ń rán an níṣẹ́ kiri. Lánàá ní ṣọ́ọ̀bù, ẹnì kan tún fẹ́ pe bàbá rẹ ní Heini Ààbọ̀. Annegret kàn yíjú sí i, ó ní àbúrò òun lórúkọ, ẹni náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè iye tí ọ̀dùnkún jẹ́.

Awọ dùùrù ti ya o, torí náà fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ ká fi tún un ṣe, àmọ́ inú àpòòwé ni kó o fi sí. Èyí tó o ní o fi ránṣẹ́ sínú fóònù lọ́jọ́ Àjíǹde, bàbá rẹ tú ẹ̀yìn fóònù náà tán, bátìrì nìkan la bá níbẹ̀.

Kí Ọlọ́run Ọba fi ẹni rere yí ọ ká níbi tó o wà, kí o má ṣe dá nìkan jẹun, kí ẹsẹ̀ rẹ gbé ọ wálé láyọ̀. Tó o bá dé nígbà Kérésì, má kọ́kọ́ yà sọ́dọ̀ wa. Ilé aláwọ̀ òféfèé yẹn ni kó o ti kọ́kọ́ lọ kí wọn, àwọn ni àgbà.

Èmi ni ìyá rẹ,
Billa.