Iṣu Méje fún Ebè Méje

                                        Ilé Ìyá Prudence,
                                        Odomèta,
                                        Kétu.
                                        Ọjọ́ kẹtàlélógún, oṣù kẹsàn-án, 2024.

Kàdíjátù, ọ̀rẹ́ mi láti kékeré,

Kí n tó kí ọ rárá, jẹ́ kí n san gbèsè mi. Iṣu méje ni tèmi nínú àpò tí Crépin awakọ̀ gbé wá fún ọ pẹ̀lú ìwé yìí. Kà á lójú rẹ̀ kó tó lọ. Iṣu tuntun ni gbogbo wọn, n kò fi èyí tí kòkòrò ti jẹ sísàlẹ̀. Mo ti san owó ọkọ̀ níbí. Bó bá tún béèrè, má dá a lóhùn. Iṣu tí mo ṣèlérí fún ọ nígbà tí a jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kànlá nìyẹn. Ọdún mẹ́tàdínlógójì ni mo fi jẹ ọ́, o kò sì sìn mí lẹ́ẹ̀kan.

Ó wá ku ìkíni. O kú ọjọ́ mẹ́ta, o kú iṣẹ́, o kú òjò. Baálé rẹ ńkọ́? Ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n ti fúyẹ́? Raïssa ọmọ wa ńkọ́, ṣé ó ti sọ̀ kalẹ̀ láyọ̀? Àwa náà wà, a dúpẹ́. Mo lè pè ọ́ lórí tẹlifóònù, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó ní nọ́ńbà nínú, ìwé ló tọ́ sí.

O mọ Àyìsátù, opó àbúrò mi tó kú ní èṣí. Àgbàdo oko rẹ̀ nìkan ni òun àtàwọn ọmọ mẹ́rin gbójú lé. Ó kọ́kọ́ gbìn, òjò kọ̀, gbogbo rẹ̀ gbẹ. Ó tún gbin gbogbo irúgbìn tó kù, kò ku hóró kan. Èyí hù dáadáa, àmọ́ koríko fẹ́ bò ó mọ́lẹ̀, kò sì sí ọwọ́ tó máa ro ó. A ra oògùn apakoríko kan, lítà kan, irú èyí tí kì í pa àgbàdo bí èèyàn bá wọ̀n ọ́n bó ṣe yẹ. Bí èèyàn bá bù ú jù, àti koríko àti àgbàdo ló ń lọ.

Parfait, tó máa ń bá wa fọ́n oògùn, gbé pọ́ǹpù àgbékọ́yìn rẹ̀ wá. Ó wo ara ìgò, ó ní mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni fún omi tó kún pọ́ǹpù kan. Mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n! Ìwọ náà mọ ìgò kékeré tí mo fi ń ta òróró ẹ̀pà. Sáǹtílítà mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni, ṣùgbọ́n ta ló ń pe sáǹtílítà lọ́jà wa? "Fún mi ní mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n kan," ni wọ́n ń wí. Èmi gan-an ni mo sáré wọlé lọ fọ ọ̀kan wá fún un.

Ó bu oògùn kún un. Mo wo ìgò oògùn, ìdá kan nínú mẹ́rin rẹ̀ ti lọ. Bẹ́ẹ̀, ẹni tó tà á fún wa ní ó máa tó pọ́ǹpù ogójì. Olọ́jà lè purọ́, èmi náà ń tajà, àmọ́ irọ́ kì í gùn láti mẹ́rin dé ogójì. Mo ní kó dúró.

"Ìyá Prudence, òróró lẹ mọ̀, ẹ fi oògùn sílẹ̀ fún mi. Ṣé kì í ṣe mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni wọ́n kọ síbí ni?"

"Mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n kí ni?"

Mo gba ìgò, mo wo lẹ́tà tó tẹ̀ lé nọ́ńbà náà: mílílítà ni.

Kàdíjátù, ohùn rẹ ni mo gbọ́ létí. Mo rántí oko bàbá rẹ ní Idigny, lọ́jọ́ tí olùkọ́ nà mí nítorí pé n kò mọ ìṣirò yíyí ìwọ̀n kan sí òmíràn. O mú mi gun orí ebè iṣu méje, o sọ wọ́n lórúkọ láti òkè: kílò, ẹ́kítò, dékà, lítà fúnra rẹ̀ láàárín, désì, sáǹtì, mílì. O ní bí mo bá fò sí ebè ìsàlẹ̀, kí n fi òdo kan kún un. Bí mo bá fò padà sókè, kí n yọ ọ̀kan. Mo ní tí mo bá mọ̀ ọ́n, màá fún ọ ní iṣu méje.

Mo gba ọkọ́, mo kọ ebè kéékèèké méje sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Parfait bú sẹ́rìn-ín: "Ṣé ẹ fẹ́ gbin iṣu ni?" Mo dúró sórí sáǹtì pẹ̀lú mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n mi, mo fò sórí mílì, mo fi òdo kan kún un. Igba ó lé àádọ́ta! Ìlọ́po mẹ́wàá ohun tí wọ́n ní ká bù ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ṣí fìlà, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó da oògùn náà padà sínú ìgò rẹ̀, síríǹjì oní-mílílítà márùn-ún ló sì wá fi wọ̀n ọ́n, ẹ̀ẹ̀marùn-ún fún pọ́ǹpù kan. Ìgò òróró náà, mo fọ́ ọ, mo rì í mọ́lẹ̀, bó tilẹ̀ dùn mí.

Ó pé ọjọ́ mẹ́wàá lónìí. Koríko ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, àgbàdo dúró ṣinṣin. Àyìsátù kúnlẹ̀ fún mi, mo ní kó dìde, ọ̀dọ̀ rẹ ní Pobè ni ọpẹ́ ń lọ. Nítorí náà, bí o bá ka iṣu tó jẹ́ mẹ́jọ, má rò pé ìṣirò mi tún ti bàjẹ́. Èyí tí wọ́n so òwú pupa mọ́, Àyìsátù ló fi ránṣẹ́. Ọ̀rẹ́ mi, o ṣeun. Ohun tí o kọ́ mi lọ́mọdé ló máa bọ́ ọmọ mẹ́rin lọ́dún yìí.

Ó ku ohun kan. Kòkòrò ti ń jẹ ewé díẹ̀, a sì ti ra oògùn rẹ̀, ìyẹ̀fun ni. Lára páálí, wọ́n kọ 0,1 kílò; fún pọ́ǹpù kan, gíráàmù mẹ́wàá. Ṣé ebè kan náà ni, kí n kàn fi gíráàmù sí ibi tí lítà wà? Lójú tèmi, páálí náà á tó pọ́ǹpù mẹ́wàá, ṣùgbọ́n ẹni tí ejò bù jẹ rí, ekòló ń lé e. Parfait náà ti búra pé òun kò ní bu síbí kan kí ọ̀rọ̀ rẹ tó dé, ọjọ́ Ẹtì ló sì ń bọ̀.

Bá mi kí ìyá wa àgbà, kí o sì bá mi gbé ọmọ Raïssa jó bó bá ti dé. Crépin máa padà gba ẹnu ọ̀nà rẹ kọjá. Kọ nọ́ńbà náà, má gbàgbé lẹ́tà tó tẹ̀ lé e. Ọjọ́bọ̀ ni mo ń retí èsì rẹ.

                                        Ọ̀rẹ́ rẹ orí ebè, tí kò jẹ ọ́ ní gbèsè mọ́,
                                        Philomène.