Orin Qowiyy Ti Rọlẹ̀

Ruqoyyah ọmọ mi,

Mo kí ọkọ rẹ àtàwọn ọmọ. Orúnkún mi ti sàn díẹ̀.

Qowiyy àbúrò rẹ àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ti pa orin rọ́ọ̀kì wúwo tó ń mi ilé yẹn tì. Látìgbà tí bàbá yín ti kú, orin jẹ́jẹ́ bí ẹni ń sunkún ni wọ́n ń kọ. Àwọn ará àdúgbò Adébáyọ̀ níbí tó máa ń fẹjọ́ wọn sùn mí ti ń gbé àga wá gbọ́ ọ. Ariwo, mo lè jágbe mọ́ ọn, ẹkún ńkọ́? Mo bi í, ó ní, “Màámi, orin lásán ni.”

Kí Ọlọ́run bo yín nínú òtútù ìlú òyìnbó yẹn. Jọ̀ọ́, bá mi pè é. Má yìn ín o, wọ́n ti yìn ín tó. Jẹ́ kó sunkún sí ọ létí láìsí gìtá lọ́wọ́.

Ìyá yín