Ẹ̀gbọ́n Mi Ò Ní Di Àbúrò Mi Lórí Ògiri

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ-ọmọ mi ló ń bá mi kọ ọ́, ẹ má wulẹ̀ béèrè orúkọ mi.

Ọmọ ogun òfurufú ni ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin. Ọmọ ọdún mọ́kànlélógún ni wọ́n nígbà tí bàálù wọn já lójú ogun lókè òkun.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìyàwó ọmọ mi to fọ́tò pálọ̀ láti orí àgbà dé orí ọmọdé. Ló bá gbé ẹ̀gbọ́n mi sísàlẹ̀, sáàárín àwọn ọmọ-ọmọ mi! Mo gun àga, mo gbé wọn padà sókè tèmi.

Ọmọ mi ní, "Màámi, ọmọdé mà lèyí."

Mo ní, "Ọmọdé tó pọn ìyá ẹ?"

Ogun gba ẹ̀mí wọn, kò gba ipò ẹ̀gbọ́n lọ́wọ́ wọn. Ẹ bá mi bi àwọn olùgbọ́, ta ló yẹ kó wà lókè? Ẹni tó bá ní èmi ni, kó fi àdírẹ́sì ilé ẹ̀ ránṣẹ́, màá wá bá a níbẹ̀.